Ìròyìn Ló Gbé Ọ̀rọ̀ Wá, Ẹgbẹ́ Ló Túmọ̀ Rẹ̀: Ìdáhùn sí Olùkọ́ Kan n'Íbàdàn

Olùkọ́ obìnrin kan, ẹni ọdún 29, tó ń kọ́ni ní iléèwé girama n'Íbàdàn, ló kọ̀wé sí mi. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Ó ti tó ọdún méjì tí mi ò tíì lọ wo màmá mi n'Íjerò-Èkìtì nítorí ìròyìn àwọn ajínigbé. Kí n tó dìde lórí ibùsùn láàárọ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ rédíò, tí màá sì ti ka gbogbo ohun tí wọ́n fi sórí WhatsApp àwọn tá a jọ jáde ní yunifásítì. Àwọn kan nínú wa ti jápa, àwọn tó kù sì ní ilẹ̀ yìí ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Èmi náà ti ń sọ bẹ́ẹ̀ báyìí, mi ò sì mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́. Ṣé kí n pa rédíò tì ni? Ṣé kí n kúrò nínú gúrúùpù yẹn? Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ni mo ṣe máa mọ èrò tó jẹ́ tèmi? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi náà ń béèrè nípa ìròyìn ní kíláàsì, mi ò sì mọ̀ bóyá kí n dá wọn lóhùn."

Àbúrò mi, o kú ìfaradà. Kí n kọ́kọ́ dáhùn méjì nínú àwọn ìbéèrè rẹ lójú ẹsẹ̀: má pa rédíò tì, má sì tíì kúrò nínú gúrúùpù náà. Ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ olótùú ìròyìn rédíò, tí mo tún wá rí nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ìròyìn, ni pé ìròyìn kì í sábà dá yí ojú tí èèyàn fi ń wo ayé padà. Ìròyìn á gbé ọ̀rọ̀ ka iwájú rẹ. Àwọn tí ẹ jọ ń sọ ọ́ ni wọ́n á sọ fún ọ pé báyìí ló ṣe jẹ́, báyìí ló sì máa parí sí. Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé ọ̀rọ̀ tìrẹ ti wọ́, ibẹ̀ náà sì ni àtúnṣe ti máa bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwa oníròyìn, nítorí ọwọ́ wa náà wà níbẹ̀.

Ní aago márùn-ún ìdájí, olótùú ti jókòó sídìí tábìlì. Ìròyìn tí wọ́n máa kà ní aago méje kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, èyí tó wọlé sì tó kíkà fún wákàtí méjì. Ọlọ́pàá ti fi àtẹ̀jáde ránṣẹ́, ọ́fíìsì gómìnà ti fi tiwọn ránṣẹ́, àwọn akọ̀ròyìn tó wà káàkiri ìpínlẹ̀ ti pè láti òru. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni olótùú ń bi ìwé kọ̀ọ̀kan tó bá mú dání: kí ló ṣẹlẹ̀ láti àná sí òní? Èyí tí kò bá rí nǹkan dáhùn, ẹ̀gbẹ́ kan ló ń lọ. Bọ́ọ̀sì tó gbéra n'Íwó Road tó sì gúnlẹ̀ l'Ádó-Èkìtì láyọ̀ kò ní akọ̀ròyìn. Èyí tí wọ́n dá lọ́nà ló máa wọ ìròyìn aago méje, wọ́n á tún un kà lọ́sàn-án, wọ́n á tún un kà lálẹ́. Bó o bá ń gbọ́ rédíò lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni wọ́n dá lọ́nà, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkàn rẹ gba ìró rẹ̀.

Kò sí ẹni tó parọ́ fún ọ níbẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójijì la lè ròyìn, ohun tó bá ń yí padà díẹ̀díẹ̀ máa ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Wo ọ̀rọ̀ sòbìà. Ó ṣeé ṣe kó o má tíì fojú rí i rí, àmọ́ bi màmá rẹ. Kòkòrò gígùn funfun tó máa ń yọ jáde lẹ́sẹ̀ èèyàn, tí wọ́n á máa fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ wé díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kó má baà já sínú ẹran ara. Àgbẹ̀ tó bá mú lásìkò iṣẹ́ kò ní lè débi oko, ọmọ tó bá mú á pa iléèwé jẹ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní in ní Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n lé ní 650,000 lọ́dún kan ṣoṣo. Oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó ní in, nígbà tó sì di ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ogún ọdún ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fi ń ti abúlé kan bọ́ sí òmíràn, tí wọ́n ń pín aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, tí wọ́n ń dá ẹni tí egbò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lẹ́kun pé kó má wọ inú odò tí ará ìlú ń mu. Nínú gbogbo ọjọ́ tó wà nínú ogún ọdún yẹn, èwo ni olótùú máa mú pé òní ló yẹ kí n gbé e síwájú? Kò sí. Bẹ́ẹ̀ ni àìsàn tó ń dá àìmọye ìdílé dúró ṣe kásẹ̀ ńlẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sọ pé kò sí ohun rere kan tó ti ìlú yìí jáde rí kò fi mọ̀ pé ó ti lọ.

Ní ọdún 1968, nígbà tí wọ́n fẹ́ dìbò yan ààrẹ ní Amẹ́ríkà, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì, Maxwell McCombs àti Donald Shaw, bi ọgọ́rùn-ún olùdìbò ní Chapel Hill, ní North Carolina, léèrè ọ̀rọ̀ tó ká wọn lára jù lọ. Wọ́n wá fi ìdáhùn wọn wé ohun tí ìwé ìròyìn àti tẹlifíṣàn tó dé ọ̀dọ̀ wọn ń gbé jáde. Bí ìròyìn ṣe to àwọn ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ léra, bẹ́ẹ̀ náà gẹ́lẹ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àwọn olùdìbò ṣe tò wọ́n. Agbára ìròyìn nìyẹn: ó lè má pinnu èrò tó o máa ní, àmọ́ ó máa ń pinnu ohun tó o máa ronú lé lórí.

Fi wé tìrẹ. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ka èèyàn tó lé ní 5,000 tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2023. Ibà, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé, ń pa èèyàn tó lé ní 150,000 lọ́dún nílẹ̀ yìí, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́tà rẹ gùn dáadáa, mo kà á tán, o ò mẹ́nu kan awakọ̀ tó ń sáré àsápajúdé, o ò mẹ́nu kan ẹ̀fọn. Ajínigbé nìkan ló wà níbẹ̀.

Mi ò fi ìyẹn bú ọ o. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, ní ọjọ́ kan náà, wọ́n pa ọba aládé méjì l'Ékìtì, wọ́n sì jí àwọn ọmọ iléèwé àti àwọn olùkọ́ wọn gbé nínú bọ́ọ̀sì l'Ẹ́mùrẹ́. Olùkọ́ ni ìwọ náà. Ẹni tó bá ní kó o má bẹ̀rù lẹ́yìn irú ọjọ́ yẹn, kò fẹ́ràn rẹ. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé ẹ̀rù ọjọ́ kan yẹn ti di ọdún méjì, torí pé àràárọ̀ ni wọ́n ń rú u sókè, kò sì sí ẹni tó ń bá ọ wọ̀n ọ́n.

Ìwádìí kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Nígbà tí àdó olóró bú níbi eré ìje ẹlẹ́sẹ̀ ní Boston lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ lọ wádìí bí ara ṣe ń ni àwọn èèyàn tó láti ọjọ́ náà. Àwọn tó ń wo ìròyìn rẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ ní ìdààmú ọkàn ju àwọn tó wà níbẹ̀ gan-an nígbà tó bú. Jókòó ti ìyẹn díẹ̀. Ẹni tí iná jó lójú, ara rẹ̀ fúyẹ́ ju ti ẹni tó ń wo iná náà ní yàrá rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.

Ó tó fún apá tiwa. Ìdí ẹgbẹ́ ni mo fẹ́ pẹ́ sí.

Bó o bá ráyè láàárọ̀ ọjọ́ kan, lọ dúró nídìí tábìlì ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn ní Mókọ́lá tàbí ní Dùgbẹ̀. Á ti tẹ́ wọn sílẹ̀, á ti fi òkúta lé wọn kí afẹ́fẹ́ má baà gbé wọn. Àwọn ọkùnrin mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá á ti pé yí i ká, á sì ṣòro kó o rí méjì tó máa rà nínú wọn. Àkọlé ni wọ́n ń kà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣí inú rẹ̀, oníwèé á ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i o." Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan á wá sọ̀rọ̀. Gbogbo ìdí tábìlì ló ní tirẹ̀: ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó mọ orúkọ gbogbo kọmíṣọ́nnà tó ti jẹ látẹ̀yìnwá, tó sì lóhùn. Á nàka sí àkọlé kan, á ní, "Ṣé ẹ rí i? Wọ́n ti tà á. Ó ti parí." Kò tíì ka ju ìlà yẹn lọ. Àwọn tó kù á mi orí. Nígbà tí wọ́n bá tú ká, tí ọ̀kan dé ibi iṣẹ́, tí ìkejì dé ìsọ̀ rẹ̀, ohun tí wọ́n máa sọ fún àwọn ará ibẹ̀ ni "wọ́n ti tà á." Ohun tí akọ̀ròyìn fi ọjọ́ mẹ́ta wádìí, tó kọ sí ojú ewé karùn-ún, kò kúrò nídìí tábìlì.

Nígbà ìdìbò ààrẹ Amẹ́ríkà lọ́dún 1940, Paul Lazarsfeld, onímọ̀ nípa àwùjọ, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn olùdìbò fún oṣù bíi mélòó kan ní Erie County, ní Ohio. Wọ́n rò pé àwọn máa rí bí rédíò àti ìwé ìròyìn ṣe ń yí wọn lọ́kàn padà. Ìwọ̀nba ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ tí wọ́n rí. Ohun táwọn èèyàn ń tẹnu mọ́ ni ohun tí ẹnì kan sọ fún wọn: ọkọ, ọ̀rẹ́, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ẹnì kan ní àdúgbò tó máa ń gbọ́ rédíò dáadáa tó sì máa ń ṣàlàyé. Ọkùnrin ìdí tábìlì ní Mókọ́lá ni wọ́n rí l'Óhio.

Lọ́dọ̀ tiwa náà, èyí kò bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù. Ní ọdún 1929 sí 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń gbé lẹ́tà jáde láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá, tó ń ro bóun ṣe lo ayé òun l'Ékòó. Àwọn òǹkàwé gbà pé ẹni gidi ni. Wọ́n kọ̀wé sí ìwé ìròyìn náà, wọ́n ń bá a kẹ́dùn, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin. Isaac Thomas, olótùú ìwé ìròyìn náà, ló ń kọ gbogbo rẹ̀. Ó dá mi lójú pé bí òǹkàwé kọ̀ọ̀kan bá dá a kà ní kọ̀rọ̀, kì bá má jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà ẹnì kejì ló ń mú un di òótọ́ lójú ẹnì kẹta.

Wá rántí oṣù kẹjọ ọdún 2014. Ọkùnrin kan ti gbé Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà ní ogúnjọ́ oṣù keje, ìlú sì ti dàrú. Láàárín òru kan, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri Nàìjíríà. Ìyá ń pe ọmọ, àǹtí ń pe àbúrò: jí dìde, bu iyọ̀ sínú omi gbígbóná, fi wẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, mu díẹ̀ níbẹ̀, Ebola kò ní ràn ọ́. Mo mọ ilé tí gbogbo wọn, títí kan ọmọ ọwọ́, ti wẹ omi iyọ̀ kí wọ́n tó kírun ìdájí. Mínísítà ìlera jáde, ó ní irọ́ ni. Ìròyìn jáde pé iyọ̀ náà ti sọ àwọn kan di èrò ilé ìwòsàn, pé àwọn mìíràn kú.

Ìwé ìròyìn kankan kò gbé e jáde láṣẹ kó tó tàn. Kí ló dé táwọn tó kàwé fi wẹ̀ ẹ́? Ẹni tó pè ni. Ìyá rẹ ló pè ọ́ láago mẹ́ta òru, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Iyọ̀ kò wọ́n. Bó bá sì jẹ́ òótọ́ ńkọ́, tó o wá kọ̀? Kò sí ẹni tó fẹ́ fi ìfẹ́ ìyá rẹ̀ wọ́lẹ̀ lórí ṣíbí iyọ̀ kan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àti ẹbí fi lágbára ju ti rédíò: bó o bá kọ ọ̀rọ̀ rédíò, ọ̀rọ̀ lo kọ̀, bó o bá kọ tiwọn, ó máa dà bíi pé àwọn gan-an lo kọ̀. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta tó yẹ ìròyìn bí 126,000 tó tàn lórí Twitter láti 2006 dé 2017 wò rí i pé irọ́ ń yára tàn ju òótọ́ lọ, wọ́n sì rí i pé èèyàn ló ń tàn án, torí pé irọ́ máa ń jọ ohun tuntun létí. Èèyàn rere, tó fẹ́ kó o yè.

Ẹgbẹ́ kan náà ló tún gbà wá lọ́dún yẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá 894 èèyàn tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fara kan aláìsàn, wọ́n sì lọ bá wọn nílé ju ẹgbàásàn-án ìgbà lọ, ìyẹn 18,000, láti wò ó bóyá ara wọn ń gbóná. Rédíò ń pariwo ọwọ́ fífọ̀, ilé ìjọsìn ń sọ ọ́, ìyá ń sọ ọ́ fún ọmọ. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, wọ́n kéde pé Ebola ti tán ní Nàìjíríà. Nítorí náà, má bá mi sọ pé kéèyàn sá fún ẹgbẹ́ ló dáa. Kò sí ẹni tó lè dá ronú láìsí ẹnì kejì.

Ìbéèrè rẹ tó ṣòro jù ni pé báwo lo ṣe máa mọ èrò tó jẹ́ tìrẹ. Solomon Asch, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣe ìdánwò kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ó fi ìlà kan han àwọn ọ̀dọ́kùnrin, ó tún fi ìlà mẹ́ta hàn wọ́n, ó ní kí wọ́n sọ èyí tó gùn tó ti àkọ́kọ́. Ọmọdé máa mọ̀ ọ́n. Àmọ́ nínú àwọn tó jókòó sínú yàrá, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ dán wò. Wọ́n ti bá àwọn tó kù sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kí gbogbo wọn sọ ìdáhùn kan náà tí kò tọ̀nà. Nǹkan bí ìdáhùn kan nínú mẹ́ta ni ẹni náà ń bá wọn lọ, láìka ohun tí ojú ara rẹ̀ rí sí. Mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tí wọ́n dán wò ló bá wọn lọ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè lẹ́yìn náà, àwọn kan ní àwọn mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn kò kàn fẹ́ dá yàtọ̀. Àwọn mìíràn ní àwọn rò pé ojú àwọn ló ń ṣe bákan.

Apá tó wù mí jù nínú ìdánwò yẹn ni pé nígbà tí Asch fi ẹnì kan ṣoṣo sínú yàrá náà tó ń sọ òótọ́, àṣìṣe náà fò sílẹ̀ dé nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹnì kan péré! Àwọn tó kù ṣì pọ̀ jù wọ́n lọ, ohùn wọn ṣì le, àmọ́ ẹni tó rí i pé ẹlòmíràn rí ohun tí òun rí ti rí ẹsẹ̀ fi dúró.

Wá wo gúrúùpù yín. Fún ọ̀sẹ̀ kan, má kọ nǹkan kan síbẹ̀. Kàn máa ka àwọn tó ń sọ̀rọ̀. Ohun tí mo ti rí nínú irú gúrúùpù bẹ́ẹ̀ ni pé èèyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà ló ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, àwọn tó kù ń kà, wọ́n sì dákẹ́. Elisabeth Noelle-Neumann, onímọ̀ nípa èrò ará ìlú, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1974, pé ẹni tó bá rò pé èrò òun kò ní alátìlẹ́yìn máa ń pa ẹnu mọ́, bó sì ṣe ń pa ẹnu mọ́ ni ẹlòmíràn tó ń rò bẹ́ẹ̀ ń rò pé òun nìkan ló kù. Ẹni tó ṣí ilé ìtajà tó ń rọrùn fún un l'Ógbómọ̀ṣọ́ kò ní kọ ọ́ síbẹ̀ lẹ́yìn tẹ́nì kan ti ní òmùgọ̀ nìkan ló kù nílé. Ẹni tó wà ní Birmingham tó ń fi òru tọ́jú arúgbó, àwòrán yìnyín ló máa fi sí i, kò ní fi ẹ̀yìn tó ń dùn ún sí i. Ìtàn ẹni tó kó ìyàwó àti ọmọ lọ bá iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn, bẹ́ẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2024 ni ìjọba ibẹ̀ ti ní kí àwọn tó bá ń bá irú iṣẹ́ yẹn wọlé lákọ̀tun má kó wọn dání mọ́. Bó o bá fẹ́ lọ, lọ; mi ò ní dá ọ dúró. Mi ò kàn fẹ́ kó jẹ́ pé èèyàn mẹ́fà tó ń sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ló máa gbé ọ lọ. Irú ẹ̀rí báyìí, "mo ti gbà tèmi," ló kó àwọn èèyàn wọ MMM, ètò tó ṣèlérí láti sọ owó di púpọ̀, lọ́dún 2016, títí wọ́n fi ti owó gbogbo wọn pa ní oṣù kejìlá. Ọ̀rẹ́ ló mú ọ̀rẹ́ wọ̀ ọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì gba tiwọn ní òótọ́ kí wọ́n tó pe ẹlòmíràn.

Nítorí náà, wá ẹnì kan tó dákẹ́ nínú gúrúùpù yẹn, kó o pè é. Má kọ̀wé sí i, pè é. Bi í pé báwo ni nǹkan ṣe rí fún un gan-an, ohun tó dáa àti èyí tí kò dáa. Lẹ́yìn tó o bá ti bá irú ẹni bíi méjì sọ̀rọ̀, kí ìwọ àti wọn jọ máa sọ̀rọ̀ ìlú, kó o tó mọ̀ bóyá ìlú yìí bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ó lè jẹ́ pé ibi kan náà lo máa parí èrò rẹ sí. Kò burú. Wàá ti mọ bó o ṣe débẹ̀.

Rédíò kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun àkọ́kọ́ láàárọ̀. Dìde, wẹ̀, jẹun, kó o tó gbọ́ ìròyìn lẹ́ẹ̀kan, kí o sì gbọ́ ọ tán dé ìparí, torí ìparí ni ìtẹ̀síwájú ọ̀rọ̀ àná máa ń wà, pé wọ́n ti rí àwọn tí wọ́n jí gbé gbà. Tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan lálẹ́ bó o bá fẹ́. Lórí WhatsApp, bó o bá rí àmì ọfà méjì tó fi hàn pé wọ́n ti taari ọ̀rọ̀ náà léraléra, bi ẹni tó fi ránṣẹ́ pé, "Ìwọ lo rí i àbí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ?" Bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ní kọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ Ìjerò kò gba kó o bi gúrúùpù. Àwọn tó mọ̀ nípa ọ̀nà Iléṣà sí Arámọkọ ni àwọn tó ń ná an. Lọ sí gáréèjì lọ́jọ́ tí o kò níí rìnrìn àjò, bi àwọn awakọ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ìgbà wo lẹ kẹ́yìn lọ, ibo lẹ ti ń sáré, aago mélòó lẹ kì í fẹ́ kó bá yín lọ́nà? Pe màmá rẹ, kí ó bi àwọn ará Ìjerò tó ń lọ Ìbàdàn wá ọjà. Bí gbogbo wọn bá ní kó o má wá lọ́sẹ̀ yìí, má lọ. Bí wọ́n bá ní kó o gbéra láàárọ̀ kutukutu, kó o wọ ọkọ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹni mímọ̀, o ti ní ohun tí rédíò kò lè fún ọ.

Ní ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ, dá wọn lóhùn. Wọ́n ti gbọ́ ọ kí wọ́n tó dé kíláàsì, bó o bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ọmọ tó lóhùn jù nínú wọn ló máa borí. Ọmọ tó bá mú ìròyìn wá, kó sọ ibi tó ti gbọ́ ọ àti ẹni tó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Kí gbogbo wọn wá kọ èrò wọn sínú ìwé ní ìlà méjì kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ síta. Nínú ìdánwò Asch, nígbà tí wọ́n jẹ́ kí ẹni náà kọ ìdáhùn tirẹ̀ sílẹ̀ dípò kó pariwo rẹ̀, kò bá wọn lọ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni kó o kà wọ́n jáde láì dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Bí ọmọ kan bá rò ó yàtọ̀, má jẹ́ kí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, ní kó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ bó bá fẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó fún un láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọjọ́ náà.